Ṣọ́ọ̀bù Tí Mo Lọ Gbà ní Ẹ̀rúnmu

Ládánì kò tíì pe ìrun àsùbáà nígbà tí mo jáde nílé wa ní Olódò. Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ díẹ̀, pé ta ló ń fi òkùnkùn lọ gba ṣọ́ọ̀bù. Mo ní èmi ni. Inú mi ń dùn bíi ti ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, ẹsẹ̀ mi ò sì fẹ́ balẹ̀. Mo gbé báàgì mi kọ́ apá, òòyà, òwú àti wúùlù ìdìrun ló kún inú rẹ̀, nítorí mo ti pinnu pé bí wọ́n bá ti ń fún mi ní kọ́kọ́rọ́, obìnrin tó bá kọ́kọ́ kọjá níwájú ibẹ̀ ni n ó dì ní irun lọ́fẹ̀ẹ́.

Onídìrí ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dirun létí títì ní Olódò, ṣùgbọ́n bàbá tó ni ilé fẹ́ tà á, ó sì ní kí gbogbo àwa tí a yá ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ kó jáde kí Iléyá tó dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àsìkò Iléyá ni onídìrí ń rí ohun tí yóò jẹ títí ọdún mìíràn. Bí n kò bá ní ibi tí n ó jókòó sí nígbà náà, n ò mọ ohun tí n ó fi rán Bàràkátù, ọmọ mi, padà sí ilé ẹ̀kọ́. Oníbàárà mi kan ló wá sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo nítòsí ọjà Ẹ̀rúnmu. Mo pe Alhaji tó ni ín. Ó ní àwa méjì la ń fẹ́ ẹ, òun ò sì ní ṣojúsàájú, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ òun láàárọ̀ ló ni ín.

Mo tún ní ẹ̀dùn ọkàn mìíràn. Àkókò ń jẹ mí níyà. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, eṣinṣin ni mo ń lé nínú ṣọ́ọ̀bù. Tó bá di Sátidé, gbogbo ayé á dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jókòó, wọ́n á pòṣé, ìlàjì wọn á sì dìde lọ. Mo sáré títí, ọwọ́ mi ò ká a. Mo gbà pé ibi tí mo wà ni kò dára, pé tí mo bá ti kó lọ síbi tó dára, gbogbo rẹ̀ á tò.

Máíkírà ni mo wọ̀ ní Olódò. Dẹ́rẹ́bà ní àfi kí ọkọ̀ kún. Mo sanwó àyè tó ṣẹ́kù kí ó lè gbéra, obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ lé ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì wò mí bíi pé mo jí owó náà ni. Nígbà tí a fi máa rí ojú ara wa, àwọn ilé tuntun ti ń dín kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, oko ẹ̀gẹ́ ti ń pọ̀. Àwọn aláṣọ funfun kan ń ti ìṣọ́ òru bọ̀ láìwọ bàtà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Níbi tí mo sọ̀ sí, mo ra àkàrà gbígbóná igba náírà, mo sì rò ó pé ti Olódò kò tó èyí lójú. Ibẹ̀ ni mo ti gun ọ̀kadà. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni bàbá tó ni ín pè é, n ò ná an.

Bàbá Ṣèyí ni wọ́n ń pè é, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Alájà ló ń pè mí nítorí híjáàbù tí mo wọ̀, bẹ́ẹ̀ n ò tíì rìn kọjá Ìlọrin rí. Ọ̀dà títì tán, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀, kòtò lẹ́yìn kòtò. Mo ń sọ fún un pé kó tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà abà kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Omi, ṣéènì ọ̀kadà já.

Ó ní òun mọ ẹni tó ní ṣéènì lábà tó wà níwájú, òun á ti ọ̀kadà lọ, òun á sì padà wá gbé mi. Mo ní rárá, n ó wá ọ̀kadà mìíràn. Kò sí. Gbogbo ọ̀kadà agbègbè yẹn ló wà nínú oko lọ́jọ́ náà, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń kó. Inú bí mi débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo wọ́ ẹsẹ̀ lọ sábẹ́ ìbòji kan tí mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe gàrí.

Lọ́dọ̀ wa ní Olódò, tí o bá bá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, wàá kí i kú iṣẹ́, wàá sì kọjá. Níbí, bí o bá ti kí wọn, ọ̀bẹ ni wọ́n máa fi dá ọ lóhùn. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ràfátù, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, sún àpótí sí mi, ó sì fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́ bíi pé ó ti ń retí mi láti àná. Àlejò kì í ṣánwọ́ lásán níbẹ̀. Mo bẹ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí mo ṣe ń bẹ ẹ́ ni mo ń wo ọ̀nà, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èèpo tí mo ń bẹ ń gbé ẹran ẹ̀gẹ́ lọ.

Nígbà tí a bẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, wọ́n rọ ọ́ sínú àpò. Wọ́n to àwọn àpò náà sábẹ́ irin gbọọrọ kan, wọ́n sì fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, irú jáàkì tí àwọn fọkanáísà fi ń gbé ọkọ̀ sókè. Omi ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣe ẹ̀rọ lọ jẹun, àwọn obìnrin fọwọ́, wọ́n dojú agbada dé, wọ́n jókòó lé e.

Mo bi Màmá Ràfátù pé kí ló kù tí a máa ṣe.

Ó ní, "A ń dúró ni. Kí omi rẹ̀ gbẹ. Ó lè di ọwọ́ Àílà kí á tó kù ú."

Mo ní ṣé wọn ò lè lọ sílé. Ó ní ta ni yóò máa tẹ jáàkì náà díẹ̀díẹ̀, ta ni yóò ṣọ́ àpò. Bí wọ́n ṣe máa ń jókòó nìyẹn lójoojúmọ́ tí wọ́n bá fún ẹ̀gẹ́. Níwọ̀n bí àwọn ọkùnrin ti lọ, wọ́n tú ìbòrí kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn lórí.

Mo rí orí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá jẹ́ onídìrí nìkan ló lè mọ bí àyà mi ṣe lù. Irun tí wọ́n ti dì láti ìgbà ìtúnu àwẹ̀ ti hù kọjá ara rẹ̀, ti ẹlòmíràn ti di òkìtì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ìgboro jìn, ọjọ́ kan gbáko ni irun dídì máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò sì ní ọjọ́ tí àwọn lè fi ṣòfò. Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Mo bẹ Màmá Ràfátù kó jẹ́ kí n ṣe irun rẹ̀ títí ọ̀kadà mi fi máa dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sí ààrin ẹsẹ̀ mi. Mo tú u, mo ya á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ṣùkú fún un.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún parí, ẹ̀gbẹ́ òsì sì dúró gánńgán, nígbà tí Bàbá Ṣèyí dé pẹ̀lú ṣéènì tuntun. Bó ṣe ń dúró ni fóònù mi dún. Alhaji ni. Ó ní obìnrin kejì ti wà ní ẹnu ọ̀nà òun, ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ní òun ò ní ṣojúsàájú, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ pe òun, òun á dá a dúró díẹ̀. Ó ní ibo ni mo dé.

Bàbá Ṣèyí ní, "Alájà, ẹ gòkè. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, a ó bá a níbẹ̀."

Màmá Ràfátù fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ tí n kò tíì dì. Ó ní, "Máa lọ, ọmọ mi. N ó wé gèlè lé e."

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í dìde kúrò nídìí orí tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ òjò ló dé. Àwa onídìrí ò mọ ohun ìtìjú tó ju kí ẹni tí a dì ní irun ààbọ̀ máa rìn láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló dá mi dúró. Mo gbójú sókè, mo rí obìnrin méjì tí wọ́n ti jókòó sẹ́yìn Màmá Ràfátù, wọ́n ti tú irun ara wọn sílẹ̀ dè mí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́jọ́ náà. Ní Olódò, eṣinṣin ni ǹ bá máa lé.

Mo sọ fún Alhaji pé, "Ẹ fún un, Alhaji. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó tù ú lára."

Nígbà tí mo pa fóònù, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo tún ilà kan dì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń rò ó pé mo ti ba tèmi jẹ́, pé kí ni n ó sọ fún ọkọ mi. Mo parí orí Màmá Ràfátù. Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, ó ní ṣé mo rí i pé táyà ló wà nídìí rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan náà ló ń yí abà wọn ká. Òní ló wà lọ́dọ̀ wọn, ọ̀la á lọ sí abà kejì, ọ̀túnla síbòmíràn, gbogbo ibi tó bá dé náà ni wọ́n sì máa ń jókòó de jáàkì. "Tẹ̀ lé e," ló wí, ó sì lọ tẹ jáàkì.

Ayọ̀ tó gba ọkàn mi lásìkò yẹn, n ò lè pa á mọ́ra. Mo dirun títí wọ́n fi pe ìrun Àílà. Ẹlòmíràn fún mi lówó, ẹlòmíràn bu gàrí fún mi, wọ́n sì bá mi pe obìnrin kan lábà kejì pé onídìrí ń bọ̀. Bàbá Ṣèyí sùn sábẹ́ igi, ó jí, ó tún sùn. Nígbà tí mo ṣe tán, ó takú pé òun ò gbọdọ̀ gbowó ẹni kí òun má gbé e débi tó ń lọ. Báyìí ni mo ṣe rí Ẹ̀rúnmu. Ìlú àtijọ́ tó dára ni, ilé alámọ̀ àti ilé oníbúlọ́ọ̀kù ń wo ara wọn lójú, ọjà rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Mo rí ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú. Obìnrin kejì ti gbálẹ̀ rẹ̀, ó ti gbé dígí kọ́, ó jókòó, ó ń wo títì. Mo kí i kú oríire, láti inú mi wá. Kò sẹ́ni tó tíì yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà, mo ronú púpọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ pé n kò ráyè, àyè àwọn ẹlòmíràn ni n kò wò rí. Mo ń wá ibi tí n ó jókòó sí kí wọ́n wá bá mi, n ò bi ara mi rí pé ìgbà wo gan-an ni ọwọ́ obìnrin ń dilẹ̀, àti pé ibo ló máa ń wà nígbà náà.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe Mọ̀gàríbì nígbà tí mo dé Olódò. Bàbá onílé dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń sá fún un, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà èmi ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i. Mo ní kó má ṣe dúró de Iléyá mọ́, pé n ó kó jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí pé ibo ni mo ti rí ṣọ́ọ̀bù gbà.

Mo ní, "N ò rí ṣọ́ọ̀bù gbà, Bàbá."

Ó wo àpò gàrí tí mo gbé dání, ó wò mí, mo sì rí i pé àánú mi ṣe é. Ó ní, "Níbo lo wá fẹ́ jókòó sí?"

Mo ní, "Níbi tí àwọn obìnrin bá ti ń dúró."