Aṣọ Ìwẹ̀ fún Ẹni Tó Ti Rù

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ yìí. Nọ́ọ̀sì ni mí, wákàtí méjìlá ni mo fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn, òwúrọ̀ Sátidé tó yẹ kí n fi sùn ni mo sì fi ń gbé ọmọ mi obìnrin lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Landover, nílùú òyìnbó níbí, ní gbogbo Sátidé, nítorí náà kò sí ẹni tí màá tì í sí lọ́rùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló fi di etí odò ìlúwẹ̀ẹ́ náà mú, kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ní sùúrù jù mí lọ, wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó ní Sátidé méjì ló kù, bí ọmọ náà ò bá lè jọ̀wọ́ etí omi, àwọn máa dá a padà sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ní òbí tó bá fẹ́ lè bá ọmọ rẹ̀ wọnú omi.

Nínú mọ́tò, mo bi ọmọ náà pé kí ló dé. Fèrèsé ló ń wò. Ó ní, "Ìwọ ni kó o wọnú omi. O ò wọnú rẹ̀ nígbà yẹn." Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ", kò sí nǹkan kan tó bo ọ̀rọ̀ náà lára.

Ohun tó ń sọ nìyí. Nígbà ooru tó kọjá, wọ́n pè wá síbi ọjọ́ ìbí ọmọ kan ní Lake Arbor, odò ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà lẹ́yìn ilé wọn. Ẹsẹ̀ ọmọ mi yọ̀, ó já síbi tí omi ti bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mi ò mọ̀wẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi náà kò lè kọjá àyà mi. Kí n má parọ́: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé bí aṣọ mi bá tutù, á lẹ̀ mọ́ mi lára, gbogbo èèyàn á sì rí ohun tí mo fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo dúró. Kò pẹ́, kò ju ìgbà téèyàn fi máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ, àmọ́ mo dúró. Obìnrin mìíràn ló bẹ́ sínú omi tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, òun ló gbé e jáde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, orí sì wọ́. Mo ti ń tan ara mi jẹ pé ọmọ náà ò rí mi.

Awọ ara mi ni mo fi pamọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, dókítà sọ fún mi pé ṣúgà ti ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Èmi tí mò ń gún àwọn ẹlòmíì lábẹ́rẹ́ ṣúgà, ojú tì mí. Mo fi ẹ̀bà sílẹ̀, mo fi iyán sílẹ̀, mò ń rìn yí àdúgbò wa ní Temple Hills ká títí àwọn ajá ibẹ̀ fi dá mi mọ̀. Ọ̀rá náà lọ. Awọ kò bá a lọ. Ó rọ̀ dirodiro lábẹ́ apá, ó hunjọ ní itan, ti ikùn kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu: mo ní láti ká a kí n tó lè de ṣòkòtò. Tẹ́lẹ̀, orobó ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń dáhùn. Ní báyìí, mi ò jẹ́ orobó mọ́, mi ò sì di lẹ́pa. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe irú èmi yìí.

Ẹ tún wá wo ti ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi iṣẹ́, àwọn òyìnbó ń kí mi kú oríire. Àwọn tiwa ń kí mi bí ẹni ń kí aláìsàn. Ìyá àgbà kan fà mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ti rù o. Ṣé kò sí? Ṣé ọkọ ẹ ń tọ́jú ẹ?" Mo ní, "Ẹ má dààmú, Mà, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù." Wọn ò tilẹ̀ gbọ́. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ohunkóhun tó bá ń jẹ ẹran ara mi á jóná. Mo ṣe àmín. Kí ni kí n ṣe? Ọdún méjì ni mo fi febi pa ara mi, kí ẹnì kan lè wá bá mi gbàdúrà pé kí n padà sanra.

Mo lọ ra aṣọ náà ṣá. Mo kó mẹ́jọ wọnú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń wọ aṣọ wò. Dígí wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, iná ibẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bíi ti yàrá iṣẹ́ abẹ. Èyí tó há ń ti awọ jáde lábẹ́ apá, èyí tó tóbi ń ṣí sílẹ̀ láyà. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀kan pé ó máa gbé ìrísí ara yọ. Ìrísí wo? Mo jókòó sórí àga tó wà níbẹ̀, ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún, ṣùgbọ́n oorun ló ń kùn mí.

Ìgbà yẹn gan-an ni Màámi pè láti Ìbàdàn. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń ṣe, mo ní mò ń wá aṣọ ìwẹ̀.

"Aṣọ ìwẹ̀ bí ti báwo? Ta ló ń wọ aṣọ wẹ̀? Ṣé kàn-ìn-kàn-ìn lò ń wá ni?"

Mo ṣàlàyé pé omi tí tọkùnrin tobìnrin jọ ń wọ̀ ni. Wọ́n wá ní, "Ikùn ẹ ńkọ́? Nígbà tí mo wá bá ẹ tọ́jú ọmọ yẹn, ṣebí mo ní kó o máa fọ̀já dì í. O ní nọ́ọ̀sì ni ẹ́."

Mo ra aṣọ dúdú kan tó ní síkẹ́ẹ̀tì kékeré nídìí, mo sì ra ọ̀já ikùn mọ́ ọn, irú èyí tí etí rẹ̀ méjèèjì ń lẹ̀ mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Sátidé, mo di ọ̀já náà sábẹ́ aṣọ, mo wọnú omi dé ìbàdí. Ọmọ mi ń wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti kúrò létí omi. Ni omi bá rin ọ̀já náà, ó wú, ibi tó lẹ̀ sí ṣí, ó sì yọ jáde lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì bí ìfun adìẹ. Mo yípo, mo gun àtẹ̀gùn, mo sá lọ síbi ìpààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí mo padà dé, ọmọ náà ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí omi mú, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí màá ṣe é fún un, ó sì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Láàárín ọ̀sẹ̀, mo wẹ̀ fún ìyá arúgbó kan níbi iṣẹ́. Mo gbé ìṣẹ́po ikùn wọn sókè, mo nu abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Mo ní ara ni, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn, mi ò sì parọ́ fún ẹnì kankan nínú wọn.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn, mi ò di ọ̀já. Ẹ má pè é ní ìgboyà. Láti ibi iṣẹ́ ni mo ti lọ tààrà, ó sì ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lè di nǹkan kan. Mo wọnú omi. Awọ náà léfòó, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ọkùnrin kan wò mí, ó gbójú kúrò. Mo dúró síbi tí apá mi ti lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, mo ní kó máa bọ̀.

Ó wo ojú mi pẹ́. "Ṣé o ò ní jáde?"

"Mi ò ní jáde."

Ó jọ̀wọ́ etí omi. Kò wẹ̀ o, ṣe ló ṣubú lù mí. Ó ń ta ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ ní èjìká mi, ó wá rí awọ tó rọ̀ lábẹ́ apá mi, ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dì í mú. Ó dùn mí wọra. Ó ń wúkọ́, ó ń mí, kò sunkún. Olùkọ́ ní kó jọ̀wọ́ mi kó gbìyànjú fúnra rẹ̀, ó mi orí. Mo ní kí olùkọ́ jẹ́ kó dì í mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró títí àkókò fi pé. Wọ́n dá a padà sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin lóòótọ́, àwa méjèèjì la sì jọ lọ.