Nikẹ́lì Tó Dúdú Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń gun alùpùpù ní Kétu léèrè: ta ló ń fi nikẹ́lì bo irin títí tí yóò fi máa dán bíi dígí? Èmi ni. Kíláàsì kẹta ni mo ti sá kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí iná bátìrì ṣe ń gbé nikẹ́lì gba inú omi tó mi, ẹ mú un wá kí n rí i.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì, fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Iná tiwọn níbẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Bátìrì tèmi kì í ṣẹ́jú. Ó gbé ìgò kékeré kan kalẹ̀, ó ki irin méjì bọ inú omi rẹ̀, ó so wáyà mọ́ wọn. Oògùn kẹ́míkà méjì tó fẹ́ sọ di ọ̀kan wà nínú omi náà, pẹ̀lú nikẹ́lì díẹ̀.

"Tọ́ńtọ́n," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n òbí ẹni lọ́dọ̀ wa, "alárinà ni nikẹ́lì yìí. Kúrán, agbára iná, ló ń jí i. Tó bá ti jí, á fa èyí, á fa tọ̀hún, á so wọ́n pọ̀, á yọ ara rẹ̀ kúrò, á tún wá tọkọtaya míì lọ."

"Alárinà tí kì í dúró jẹun ìyàwó? Kò sí irú rẹ̀ ní Kétu!"

Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì tún le. "Oògùn tó wà nínú ìgò yìí nìkan ló kù. Ọdún kan ni mo fi dúró dè é láti òkè òkun. Tó bá bàjẹ́, ìwé mi parí nìyẹn. Mo ń lọ kírun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì kúrán yìí."

"Èmi tí mo ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Tọ́ńtọ́n."

Omi ìgò náà pọ́n bí epo. Kúrán rẹ̀ kéré débi pé ó ń bí mi nínú. Àwọn oníbàárà mi kì í lè dúró. Wọ́n ti sọ ọwọ́ mi di ọwọ́ ìkánjú. Mo ní kí n ràn án lọ́wọ́. Mo yí bọ́tìnnì sókè díẹ̀.

Kò pẹ́ tí irin kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Àwọ̀ omi náà ń ṣá. Mo mọ ohun tí mò ń wò: kúrán tó pọ̀ jù ti jó nikẹ́lì mọ́ irin. Alárinà ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri.

Mo dá bọ́tìnnì padà. Dúdú náà kò kúrò. Ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ wa, lèmọ́mù ti ń kádìí ìrun.

Nígbà náà ni ọwọ́ mi rántí. Tí nikẹ́lì bá gbé mọ́ irin oníbàárà láìdáa, mi kì í họ ọ́. Ẹnu wáyà ni mo máa ń pààrọ̀, kí kúrán lè fà á padà sínú omi. Mo pààrọ̀ wọn, mo ka dé ogún, mo dá wọn padà. Ó ṣì dúdú. Mo tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, irin mọ́, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ọmọ àbúrò mi wọlé. Ǹ bá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sí wà ní ṣíṣí lórí tábìlì.

"Mo fọwọ́ kàn án."

"Tọ́ńtọ́n! Ẹ ti pa mí."

"Mo pa ọ́, mo sì jí ọ."

Mo rò ó fún un, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Ó fa ẹ̀kán omi kan, ó kán an sórí páálí kékeré tí wọ́n fi ń dán an wò. Kò sí ẹni tó jókòó nínú wa. Ìgbà tó yá, àmì tuntun kan yọ láàárín àmì oògùn méjèèjì: wọ́n ti ń di ọ̀kan.

Ó mú bíírò. "Ẹ ní ẹ ka dé mélòó?"

"Ogún."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ti ẹnu wáyà sí mi. "Ẹ tún un ṣe níṣojú mi. Ẹ kà á sókè."

Mo pààrọ̀ ẹnu wáyà. Ení. Èjì. Ẹ̀ta.