Ìkúnlẹ̀ Méje Lójú Ọ̀nà Ìkirè

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí Sàlámọ̀tù. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, ní Àpòmù, n kò tíì lò tó oṣù kan ní àdúgbò náà. Obìnrin kan ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, híjáàbù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn bí àsíá. Nígbà tí ó dé iwájú ilé kan tí bàbá arúgbó kan jókòó sí, ó fò sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di kẹ̀kẹ́ mú, ó sì kúnlẹ̀. Bàbá ń dáhùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé eékún kan ṣoṣo ni obìnrin náà fi kanlẹ̀. Èkejì ti ń wá ọ̀nà àtidìde. Bàbá kò tíì ṣe àdúrà rẹ̀ tán tí ó fi ti padà sórí kẹ̀kẹ́. Ó kọjá ilé mẹ́ta, ó tún sọ̀kalẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ló ń lọ.

Ìkirè ni iṣẹ́ náà wà, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Sàlámọ̀tù ló ń bójú tó yàrá káàdì, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí kò bá dé, kò sí ẹni tí yóò yọ káàdì. Bí a kò bá sì yọ káàdì, nọ́ọ̀sì kò lè pe aláìsàn kankan wọlé. Ní Ọjọ́rú, tí í ṣe ọjọ́ àwọn aboyún, nǹkan bí ogójì obìnrin á ti dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn kí aago méje tó lù, wọn á fi ọwọ́ ti ìbàdí. Láti ìgbà tí ọkọ Sàlámọ̀tù ti kú, iṣẹ́ yìí ló fi ń tọ́ Humairah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kadà ló ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n gógó, tí owó ọ̀kadà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó oṣù rẹ̀ mì, ó ra kẹ̀kẹ́ ológeere àlòkù kan, ó sì fi ọjọ́ Àìkú mẹ́ta kọ́ bí a ṣe ń gùn ún ní pápá iléèwé.

Àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n pàdánù rẹ̀ kò dákẹ́.

"Ìyá Humairah, ṣé Mẹ́kà lẹ ń gùn ún lọ ni?"

"Madam, abeg carry me reach Osogbo!"

"Tí mo bá gbé ẹ, ta ni yóò bá ẹ ṣe ọ̀lẹ tí ò ń ṣe níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni Sàlámọ̀tù á dá wọn lóhùn, láì wẹ̀yìn.

Kẹ̀kẹ́ kò ni ín lára. Ìkíni ló ni ín lára. Ẹni tí ọlọ́kadà gbé lè juwọ́, kó kígbe "Ẹ káàárọ̀ o!" kó sì kọjá, gbogbo ayé mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń gbé e sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ kò ní àwíjàre. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í jókòó sókè kí àgbà tó wà nílẹ̀. Àgbà méje ló sì máa ń jókòó síta láàárín ilé rẹ̀ àti ìpẹ̀kun ìlú, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn. Bàbá Awólọ́lá, oníṣègùn, a máa ṣàdúrà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àlàájì Gàrúbà, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa tírélà, a máa tẹ táyà kẹ̀kẹ́ náà wò, a ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó. Ìyá Àbíkẹ́, ẹni ọgọ́rin ọdún, a fẹ́ mọ ohun tí wọ́n jẹ lálẹ́ àná. Sàlámọ̀tù á máa dá wọn lóhùn, ọkàn rẹ̀ á ti wà ní Ìkirè lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ó gba kúẹ́rì kan, ìwé ìkìlọ̀ nítorí pé ó ń pẹ́ dé. Oṣù kejì, ó gba òmíràn. Mátírọ̀n Olúwaṣeunfúnmi pè é sínú ọ́fíìsì.

"Sàlámọ̀tù, aboyún kan dákú sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ lánàá."

"Ẹ má bínú, mà. Àwọn àgbà ni mo kí lójú ọ̀nà."

"Kí ni kí n wá kọ sínú ìwé báyìí? Pé ìkíni ló dá ọ dúró?" Mátírọ̀n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Kúẹ́rì kẹta, ilé ni. Kì í ṣe ẹnu mi o, òfin ẹni tó ni ilé ìwòsàn ni."

Sàlámọ̀tù kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ààbọ̀ wákàtí ṣáájú àkókò rẹ̀ jáde. Àṣé ìgbà náà gan-an ni àwọn èèyàn ń tú jáde níbi ìrun àsùbáà. Dípò àgbà méje, mẹ́rìndínlógún ló pàdé. Ìṣẹ́jú kan péré ló kù tí ó fi ṣílẹ̀kùn yàrá káàdì.

Ó wá rántí ọ̀nà oko tó gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ já sí òpópónà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Kò sí àgbà tí í jókòó sí ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Sàlámọ̀tù ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú Mátírọ̀n. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Bí tírélà bá ti ń bọ̀ lẹ́yìn, á ti gbọ́ ọ kí ó tó dé, á sì yà sí etí títì. Lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ tírélà tó ru sìmẹ́ńtì gbá a sínú gọ́tà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Ó fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó fa apá aṣọ bò ó, ó ń yọ káàdì lọ. Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní àdúgbò, wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè. Humairah ló gbé ìbéèrè náà délé.

"Màámi, Àlàájì Gàrúbà ní kí n bi yín léèrè ohun tí àwọn ṣe fún yín."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ẹ máa ń tètè jáde ni."

"Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n ní ẹni tó bá ń tètè jáde ló ń pàdé àgbà."

Ó yẹ kó dìde lọ bá wọn lójú ẹsẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ ṣe ń wí fún àgbà pé àdúrà yín ló fẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Ó sún un sí ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí Jímọ̀ dé, ó sún un sí ọjọ́ Àìkú. Bí kò ṣe lọ yìí ló sọ ọ̀rọ̀ di odì.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹrin, márúwá kan dúró síwájú ilé ìwòsàn. Àlàájì Gàrúbà àti Bàbá Awólọ́lá sọ̀kalẹ̀ nínú agbádá, wọ́n fa Ìyá Àbíkẹ́ lọ́wọ́ jáde. Sàlámọ̀tù rí wọn lójú fèrèsé, káàdì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Humairah ló sọ sí i lọ́kàn.

"Kò sẹ́ni tó kú o!" ni Ìyá Àbíkẹ́ kígbe, nítorí ó ti ka ojú rẹ̀. "Ọ̀gá rẹ la wá rí."

Mátírọ̀n jáde. Ọmọ Ìkirè ni òun náà, ó kúnlẹ̀. Bàbá Awólọ́lá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ṣe é fún ilé ìwòsàn, ó ṣe é fún abẹ́rẹ́ àti oògùn, ó ṣe é fún oyún kọ̀ọ̀kan, àwọn aboyún sì ń ṣe àmín. Nígbà tí yóò fi parí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mátírọ̀n ti jí aago ògiri wò.

"Ọmọ wa ni obìnrin yìí," ni Àlàájì wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti ń bá wa yodì. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní kó má kí wa mọ́, ẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ wa fún wa. Bó bá jẹ́ àwa la ṣẹ̀ ẹ́, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́."

"Èmi kẹ̀?" ni Mátírọ̀n wí, lórí ìkúnlẹ̀ tó ṣì wà.

Sàlámọ̀tù sáré jáde, ó fi eékún méjèèjì kanlẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: kúẹ́rì méjì, aboyún tó dákú, ọ̀nà oko, márosẹ̀. Ibẹ̀ ni Àlàájì ti gbọ́wọ́ sókè.

"Márosẹ̀ wo?"

"Èyí tó ti Aṣéjìrè wá, Àlàájì."

"Lórí kẹ̀kẹ́?" Ó ti rí ìgbọ̀nwọ́ náà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa tírélà. A kì í rí oníkẹ̀kẹ́, Sàlámọ̀tù. A kì í rí wọn rárá."

"Má sọ̀kalẹ̀ fún wa mọ́," ni Bàbá Awólọ́lá wí. "Máa juwọ́ láti orí rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹsẹ̀ mi kò ní gbà."

"Ẹsẹ̀ rẹ kò gbà, iṣẹ́ rẹ kò gbà," ni Ìyá Àbíkẹ́ wí. "Ta ni kó wá gbà?"

"Àwa ni," ni Àlàájì dáhùn. "Bí kò bá lè dúró níbi méje, ṣé àgbà méje kò lè jókòó síbì kan?"

Mátírọ̀n dìde níkẹyìn, ó gbọn eruku eékún rẹ̀ nù. "Mi ò tíì kọ ẹ̀kẹta," ó wí fún Sàlámọ̀tù. "Ṣùgbọ́n aago yẹn ni n óò máa wò."

Láti ọjọ́ kejì ni bẹ́ǹṣì gígùn kan ti wà níwájú ilé Àlàájì. Àwọn àgbà á kó orín àti kẹ́túlù wọn wá síbẹ̀, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn òrìṣà á jókòó pọ̀. Àdúrà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Bàbá Awólọ́lá, ó sì nira fún un gidi. Ìyá Àbíkẹ́ nìkan ló kọ̀: ó ní ẹnu ọ̀nà òun ni ọkọ òun ti kọ́kọ́ rí òun, ibẹ̀ ni òun yóò wà. Nítorí náà, ìkúnlẹ̀ kan wà níwájú bẹ́ǹṣì, ọ̀kan sì wà níwájú Ìyá Àbíkẹ́. Kò sí kúẹ́rì kẹta.

Ọkàn Sàlámọ̀tù kò wá tìtorí èyí balẹ̀. Bí ẹnì kan bá dín lórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀, kò ní ráyè béèrè dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì títí yóò fi padà délé lọ wo ẹni náà. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá nínú yàrá káàdì báyìí. Àpòmù ló ṣì ń gbé.