Òrùlé Méjì, Òjò Kan

Mo rántí ariwo òjò lórí páànù ilé-ìwé kan létí Ring Road. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn tíṣà mọ́, àwọn ọmọ á sì máa yọ̀ pé ẹ̀kọ́ ti tán nìyẹn. Èmi kì í yọ̀ ní tèmi. Iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ bóyá òrùlé náà ń jò. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè nígbà náà, fóònù alágbèéká kò tíì dé, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kan ní Dùgbẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ìtojúbọ̀ mi pọ̀ jù, pé bí wọ́n bá fi nǹkan pa mọ́ sínú igbá, n kò ní sùn àfi tí mo bá ṣí i wò. Wọn ò parọ́ mọ́ mi.

Ìjọba ò lówó tí yóò fi kọ́ ilé-ìwé náà, ni wọ́n bá bá bàbá agbaṣẹ́ṣe kan ṣàdéhùn. Bàbá yìí á fi owó ara wọn kọ́ ọ, wọ́n á sì máa gba owó háyà àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lára ògiri rẹ̀ lójú títì títí owó wọn yóò fi pé. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá bàjẹ́, àwọn ni yóò tún un ṣe, bí nǹkan kan náà bá sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìjọba lè gba ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni wọ́n ní kí n máa mójú tó àdéhùn náà. Haà, mo gbéra ga! Mo lọ ra bàtà gogoro, bí ẹni pé bàtà ni wọ́n fi ń yẹ òrùlé wò.

Ọjọ́ tí kíláàsì kẹrin kọ́kọ́ jò, ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà sọ ohun tó yà mí lẹ́nu. "Ọmọ mi, kí n tó rán ẹnikẹ́ni sí wọn, bàbá ti gbé àkàbà dé. Òjò ò tíì dá!" Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, wọ́n yínmú. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ pé òrùlé ń jò kí wọ́n tó sọ fún un, ó mọ irú páànù tó kàn síbẹ̀, àti pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Wọ́n ní kó ṣáà jò pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Inú ìyá ọ̀gá ilé-ìwé bàjẹ́ gan-an. Bí wọ́n bá lé agbaṣẹ́ṣe, ta ni yóò tún òrùlé ṣe? Ṣé ìjọba tí kò rówó kọ́ ilé náà ni? Àwọn ọmọ á padà sábẹ́ igi máńgòrò nìyẹn. Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún jù ni pé báwo ni bàbá yìí ṣe mọ̀.

Nígbà tí òjò tún ṣú, n kò lọ sílé-ìwé. Mo gba ilé agbaṣẹ́ṣe lọ ní Challenge, agboòrùn lọ́wọ́, bàtà gogoro lẹ́sẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ìyàwó wọn ló ṣílẹ̀kùn. Bàsíà kún ilẹ̀ pálọ̀, omi ń kán sí i láti òkè.

"Wọn ò sí nílé," ìyá náà wí. "Bó ṣe kán sí wa lórí báyìí ni wọ́n gbé àkàbà, ó di ilé-ìwé."

Mo ní, "Ilé-ìwé kẹ̀?"

"Páànù kan náà ni, kápẹ́ńtà kan náà. Bó bá ti jò níbí, wọ́n mọ̀ pé ó ti ń jò lọ́hùn-ún."

"Tiyín yìí ńkọ́, mà?"

"Ẹ bá mi bi wọ́n o! Ilé wọn ń jò, àkàbà wọn wà nílé olílé."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi, àti pé kíláàsì kẹrin ti jò lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà. "Kì í ṣe olè nígbà náà," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n òjò ò mọ èèyàn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù."

Bàbá agbaṣẹ́ṣe gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ló kù, ni wọ́n bá wá kápẹ́ńtà mìíràn. Ìyẹn ló rí i pé èyí àkọ́kọ́ ti kan ìṣó sí kòtò páànù níbi tí omi ń gbà kọjá, dípò ibi tó ga. Wọ́n tún òrùlé ilé-ìwé kàn látòkèdélẹ̀. Tilé wọn ń dúró de ìgbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀.

Nígbà tí òjò kẹta dé, ọ̀gá mi fúnra wọn bá mi lọ. Àwa, ìyá ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn ọmọ gbójú sókè ní kíláàsì kẹrin bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀. Òjò lu páànù, ó lù ú, ó lù ú, kò kán. Ibẹ̀ la wà tí agbaṣẹ́ṣe já wọlé, omi ń ṣàn lára wọn, àkàbà wà léjìká. Wọ́n wòkè, ó pẹ́. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ń jò nílé o! Ó ń jò nílé, kò jò níbí!"

N kò tíì rí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò tó ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá mi kàn di ìdí kejì àkàbà náà mú, wọ́n sì bá bàbá gbé e dé ẹnu géètì nínú òjò.

Títí mo fi fẹ̀yìntì, mo bá ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ṣàdéhùn, ìwé àdéhùn sì ń nípọn sí i. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo máa ń béèrè irú páànù tó wà lórí ilé tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíìsì á máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ìtojúbọ̀ ìyá yìí mà tún pọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Àwọn agbaṣẹ́ṣe mìíràn á sì fi ayọ̀ dá mi lóhùn pé, "Haà, mọ́mì, tilé tèmi yàtọ̀! Ojúlówó nìyẹn." Mo máa ń kí wọn kú iṣẹ́, kí n tó fi ìdérí dé bírò mi láì fọwọ́ sí ìwé wọn.