Ẹgbàárin Ó Lé Méjìdínláàádóje

"Ẹ má fi Yorùbá ka nǹkan fún un mọ́." Olùkọ́ ìṣirò ọmọbìnrin mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí fóònù. Kò pariwo. Ó ní òǹkà ilé ló ń ṣì í lọ́nà, àti pé bó bá tún kùnà nínú ìdánwò báyìí, wọn yóò yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì àwọn tó mọ ìṣirò jù, èyí tó fi ọdún gbáko làkàkà kó tó wọ̀.

Rosenberg, nílùú òyìnbó, là ń gbé. Inú ọkọ̀ ni mo ti kọ́ ọ ní òǹkà: tírélà tó bá kọjá wa lórí fíríwéè, òpópónà márosẹ̀, a ó kà á. Eéjìdínlógún ló fẹ́ràn jù. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ogún ń bọ̀, tó wá ku méjì kó dé.

Nígbà tí mo lọ gbé e níléèwé, mo bi í ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní nínú ìdánwò, wọ́n ní kí àwọn pín nọ́ńbà sí oríṣi mẹ́ta. Wọ́n á kó gbogbo nọ́ńbà tó lè pín in láìní àṣẹ́kù, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, wọ́n á rò wọ́n pọ̀. Bí àròpọ̀ náà bá kéré sí nọ́ńbà náà, ó dín. Bó bá jù ú lọ, ó lé. Bó bá bá a dọ́gba, ó pé. Èmi ni mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un nílé, mo sì túmọ̀ wọn bó ṣe yẹ.

Lójú tirẹ̀, ìdáhùn ti wà lára orúkọ tí Yorùbá ń pe nọ́ńbà. Eéjìdínlógún: ó kọ pé ó dín. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́fà àti mẹ́sàn-án di mọ́kànlélógún, ó lé. Eéjìdínlọ́gbọ̀n: ó tún kọ pé ó dín. Ọ̀kan, méjì, mẹ́rin, méje, mẹ́rìnlá: mo rò wọ́n níbi tí mo jókòó sí, ó pé géérégé.

Èyí tó tóbi jù ló dà á láàmú jù, 8128. Ẹgbàárin ó lé méjìdínláàádóje. Lé wà nínú rẹ̀, dín wà nínú rẹ̀. Ó ní òun tẹjú mọ́ ọn títí agogo fi lù, òun ò mọ èyí tí òun ì bá mú. Nọ́ńbà yìí náà, ó pé.

"Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé orúkọ lásán ni?"

Mo ní kó de bẹ́líìtì rẹ̀.

Ó ṣì wà ní kíláàsì náà. Lánàá, tírélà kan kọjá wa, òmíràn tẹ̀lé e. Mo ní, "Ení." Ó kọjú sí fèrèsé. Mo dúró de èjì, n kò gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ nílẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́ wọn ní òǹkà, ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀nà tí a gbà kà á dé ibẹ̀ ni lé àti dín ń sọ. Ẹ sọ ọ́ kí olùkọ́ tó pè yín.