Ìkúnlẹ̀ Níwájú Aṣọ Ìkélé

Olókùn-Mẹ́rin ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí fáólíìnì, ohun èlò orin olókùn mẹ́rin, tó ti ń ta láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ń wá bí ayé ṣe máa mọ òun. Ó ya fọ́tò, ó ta fáólíìnì níbi ìgbéyàwó àwọn tí kò tilẹ̀ bojú wò ó, ó ń ya fídíò ara rẹ̀ nínú kíṣìnì. Èyí tí wọ́n wò jù nínú àwọn fídíò náà, ìgbà igba ni wọ́n wò ó, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì wò ó nígbà ogójì.

Lọ́dún yìí, àga kan ṣófo nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá ìlú. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínlógójì kò gbọdọ̀ dán an wò, márùndínlógójì náà ló sì pé. Bí èyí bá bọ́, ó bọ́ náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n ta aṣọ ìkélé dúdú láti òkè dé ilẹ̀, kí àwọn adájọ́ má baà mọ ẹni tó ń ta fáólíìnì, kí ojúsàájú má wọ̀ ọ́. Obìnrin akọ̀wé tún un sọ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ bọ́ bàtà, kí wọ́n má gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ti jáde nìyẹn o."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó wọlé tòun ti ìbọ̀sẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ni bàbá kan bá wúkọ́ lẹ́yìn aṣọ, ikọ́ àgbàlagbà. Kí Olókùn-Mẹ́rin tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Yéè! Ta ló rán an níṣẹ́? Ìyá rẹ̀ kúkú ni, tó ti ń fà á létí láti kékeré pé ọmọ tí kò bá kí àgbà, ilé ni kò ti gbẹ̀kọ́.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ni bàbá náà dáhùn. Ó mí kanlẹ̀. "Ó mà ṣe o."

Akọ̀wé ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n ta díẹ̀," ni Olókùn-Mẹ́rin bẹ̀ ẹ́.

"Kò sí lọ́wọ́ mi, àbúrò mi."

Wọn kò gbọ́ okùn kan ṣoṣo nínú mẹ́rin. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà lọ́wọ́, ẹkún ò tilẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Ṣé o kí wọn dáadáa?"

"Mo kí wọn, mà. Mo kúnlẹ̀."

"Ọmọ mi àtàtà! Wọn ò ní lè gbàgbé ẹ."