Olùkọ́ Tó Kí Ilé Inú Àwòrán

Ìkíni kan péré ló sọ olóògbé olùkọ́ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ilé-ìwé gíga tó ti ń kọ́ni. Àlejò pàtàkì kan wá láti òkè òkun, ọ̀kan lára àwọn tó ń yí ayé ká láti sọ bí a ṣe lè dín òṣì kù. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n sì tan ẹ̀rọ amúlétutù títí eyín gbogbo wọn fi ń gbá ara wọn. Àlejò gbé àwòrán ilé alámọ̀ kan sára ògiri, ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Kí lẹ rí níbí?"

"Òṣì!" ni gbogbo wọn dáhùn, bí ẹni ń gberin.

Olóògbé dìde láti ẹ̀yìn. Òun gan-an ló ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìdàgbàsókè àwùjọ àti ọ̀rọ̀ òṣì nínú ayé. Ó wọ́ bàtà rẹ̀ tó ti jẹ ní gìgísẹ̀ dé iwájú ògiri, ó ṣí fìlà, ó sì tẹrí ba fún àwòrán náà.

"Ẹ káàsán o, màmá. Ẹ má bínú sí wa. A wọlé yín láìkan ilẹ̀kùn."

Àlejò ní ṣé ó mọ ìyá náà ni. Ó ní, "Ilé ìyá mi nìyẹn." Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, òógùn sì bò ó nínú òtútù yẹn.

Nígbà tí ìròyìn délé, ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Bàbá wọn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìyá yín kú sí. Ìṣojú mi ni. Ilé ìyá ta lẹ lọ ń kí?"

"Ilé ìyá ẹnì kan ni," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ẹni náà ni kò sí níjòókòó."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pè é ní Ilé-Ìyá-Mi.

Ní kíláàsì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "àwọn tálákà" kó lọ jókòó. Á ní, "Àwọn wo? Ṣé wọ́n rán ọ níṣẹ́ ni?" Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń fi mọ́tò gbé wá sílé-ìwé ní ohun tó ń ṣe àwọn tálákà ni pé wọn kì í ro ọjọ́ iwájú. Ilé-Ìyá-Mi kò bá a jiyàn. Ó fún un ní garawa, ó ní kó lọ pọn omi wá nídìí ẹ̀rọ omi. Ọmọ náà lọ, ó pẹ́, ó pẹ́, ó padà dé pẹ̀lú garawa gbígbẹ.

"Ọ̀gá, omi ò yọ. Àwọn èèyàn ti tò síbẹ̀ láti àárọ̀."

"Ìwọ ni kò ro ọjọ́ iwájú," ni olùkọ́ wí. "Jókòó, àbúrò wọn."

Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbélé pẹ̀lú ọlọ́gbọ́n ló mọ ibi tí ọgbọ́n ti ń jò. Òrùlé wọn ń jò, àwọn ọmọ wọn ti lọ jìnnà, ọkọ rẹ̀ sì ń jókòó sáàárín abọ́ àti ìkòkò, ó ń sàmì sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbá òṣì kúrò láyé, ẹ kọ́kọ́ gbá a kúrò ní pálọ̀ mi!"

Ó wòkè, ó nu omi nù ní iwájú orí rẹ̀. "Ìyá wọn, àwọn ọ̀mọ̀ràn ti sọ fún wa tipẹ́. Wọ́n ní bí ọrọ̀ bá ti pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó wà lókè, á máa kán sílẹ̀ fún àwa ìsàlẹ̀. Ohun tó ń kán náà nìyí."

Ọ̀gá ilé-ìwé kò gbàgbé ìkíni ọjọ́ yẹn. Àlejò òkè òkun kò tún padà wá, gbọ̀ngàn tuntun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì dìde. Nígbà tó yá, wọ́n gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ Ilé-Ìyá-Mi, wọ́n sì fi í ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ó wọ ibẹ̀ tòun ti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń yọ́ wá bá a, wọ́n ń jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò bá balẹ̀ nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí ń yé."

Nígbà tí àìsàn èémí dé sí i, ilé ìwòsàn kò ní ibùsùn. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ tó ń fún èèyàn ní afẹ́fẹ́ wà, inú yàrá tí wọ́n tì ló wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sípàdé.

"Ìpàdé kí ni?" ni ìyàwó kígbe.

"Ìpàdé lórí ìlera àwọn aláìní ni, mà."

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́. "Ìyá wọn," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "bí mo bá sọ eléyìí ní kíláàsì, wọ́n á ní mo bù mọ́ ọn."

Kí kọ́kọ́rọ́ tó dé, ẹlẹ́mìí ti gbà á.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọ̀gá ilé-ìwé wọ aṣọ dúdú, ó ní olóògbé ni òpó tó gbé ilé-ìwé àwọn dúró. Ìyàwó dìde lórí ìjókòó.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín yọ òpó yẹn, tẹ́ ẹ lọ fi tì sáàárín àga tó kán. Kí ló wá ń gbé ilé yín dúró látìgbà náà?"

Ọ̀gá ká bébà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní kí obìnrin náà jókòó.

Lẹ́yìn tí èrò túká, obìnrin kan tẹ̀ lé ìyàwó olóògbé délé. Ó ní olùkọ́ ni òun náà báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ìyá-Mi sì ni òun nígbà kan.

"Bàbá mi ló yọ mí kúrò nílé-ìwé, mà, wọ́n fẹ́ fi mí fọ́kọ. Ọ̀gá mi, ọkọ yín, wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá mi lé wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún dé. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí wọn kì í wá. Wọ́n á máa bá bàbá mi jiyàn títí oúnjẹ bàbá mi á fi tutù."

Ìyàwó olóògbé wò ó. Ó rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń pẹ́ wálé, tí kì í sọ ibi tó ti ń bọ̀, tí òun sì ń fi ẹnu gún un bí abẹ́rẹ́.

"Kí ni bàbá rẹ wá ṣe?"

"Wọ́n ní, 'Máa lọ síléèwé rẹ jàre, kí ọkùnrin yìí lè lọ sílé rẹ̀!'"

Ẹ̀rín gba ìyàwó lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó mọ èèyàn yọ lẹ́nu," ló wí nígbà tó rí ohùn lò. "Ọkùnrin yẹn mà yọ mí lẹ́nu o."

Àlejò rẹ̀ fọwọ́ bà á léjìká. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sì fa àga sún mọ́ àlejò rẹ̀. "Jókòó, ọmọ mi. Tún sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Fìlà wo ló dé wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"